Àjẹṣẹ́kù Àgbà

Inú mi a máa tètè bí. Kí n ti sọ èyí ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ kan ló ń rántí nǹkan wọ̀nyí. Aránṣọ ni mí. Odigbo ni wọ́n ti bí mi, Ore ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì gba ìsọ̀ sí, lẹ́bàá oríta níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ ti ya wá sọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ìpínlẹ̀ Òndó sọ́tọ̀ nígbà náà, owó epo rọ̀bì sì ti wọ̀lú. Tánkà ń lọ, tírélà ń bọ̀. Àwọn awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀ nídìí olóúnjẹ, wọ́n á jẹun yó, wọ́n á ju egungun tí ẹran ṣì wà lára rẹ̀ sẹ́yìn, ajá á sì gbé e. Ajá Ore sanra láyé ọjọ́ yẹn, ara wọn ń dán. Mo rántí àwọn ajá náà dáadáa nítorí pé ní àkókò kan náà ni mo rí ọmọ tó yó, tí ebi sì ń pa á kú lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ló gbé e láti Èkìtì wá sí dìsípẹ́ńsárì Odigbo, ó sì gba yàrá nínú ilé bàbá mi. Kò tó mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. Ó ní àwọn àgbẹ̀ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń dá oko kòkó fún àwọn onílẹ̀ wa ń fi ọmọ wọn sílẹ̀ ní abà láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, àwọn tí kò tíì tó ilé ìwé lọ, tí ẹ̀gbọ́n wọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju wọ́n lọ ń tọ́jú wọn. Ó ní bí àwọn ọmọ náà bá rí ibì kan jókòó sí, tí wọ́n rí ẹni kọ́ wọn lórin, tí wọ́n rí oúnjẹ gidi jẹ, tí wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní kú. Mo ní kí ló wá kàn mí níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ nǹkan rán? Nǹkan kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán."

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ tí kò lórúkọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò san ohunkóhun fún wa, a kò sì retí rẹ̀. Àwa obìnrin bíi mélòó kan ni: olóògì kan tí ohùn rẹ̀ dára, àwọn olóúnjẹ láti oríta Ore, nọ́ọ̀sì, àti èmi. Ẹni tó ní ilé kòkó kan nítòsí ọjà Odigbo yá wa ní ilé náà. Ilé gbọọrọ ni, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ra kòkó máa ń kó àpò sí nígbà ìkórè, ó sì máa ń ṣófo bí àkókò bá ti kọjá. Òórùn kòkó gbígbẹ kò fi ògiri ibẹ̀ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kòkó ṣì ń rọ̀ dirodiro lára igi àjà, òun sì ni nọ́ọ̀sì fojú sí. Ó fẹ́ kí n rán ohun tí ọmọ lè ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀, kí a gbé e kọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n, kí òun lè mọ ọmọ tó ń sanra àti èyí tó ń rù. Mo fi kakí rán ṣòkòtò kan tó ní okùn léjìká. Iṣẹ́ náà wù mí débi pé mo fi hàn àwọn oníbàárà mi.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ kọ́ ọ, ilé dàrú. Nọ́ọ̀sì ké nọ́ńbà rẹ̀ sókè ketekete, ìyá ọmọ náà sì figbe bọnu.

"Ẹ gbé ọmọ mi sọ̀! Ṣé kòkó ni? Ta ló fẹ́ rà á?"

Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ìyá yòókù ti pọn ọmọ wọn, wọ́n ń wá ọ̀nà ìta. Wọn kò sì jẹ̀bi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwa wá gbé tiwọn kọ́ bí àpò, a ń polówó rẹ̀. Mo sáré dí wọn lọ́nà. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá wọ̀n ni wọ́n ń tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ta èmi náà, bóyá màá rí ọkọ tó dáa. Mo di ìkọ́ òṣùwọ̀n náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Igi àjà ké. Olóògì ní kòkó yìí kò tíì gbẹ o, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín sọ, wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì kì í ké nọ́ńbà mọ́. Bí ọmọ bá ń sanra á rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, bí kò bá sanra á pe ìyá náà sẹ́yìn ilé.

Àárọ̀ àárọ̀ ni àwọn ìyá ń já ọmọ wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó gba oko lọ. Olóògì a máa kọ́ wọn lórin, a sì máa fi èkùrọ́ kọ́ wọn ní oókan, eéjì. Èmi a máa kó ègé aṣọ láti ìsọ̀ mi, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, màá ní kí wọ́n mú èyí tó pupa wá fún mi, kí wọ́n mú èyí tó dà bí ewé. Bí ọmọ kan bá mú u tọ̀nà, ariwo tí wọ́n máa ń pa a máa dé ọjà. N kò ní sùúrù fún àgbà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá aṣọ pupa láàárín àkísà, mo lè dúró dè é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Láàárín òjò ni ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ dé. Abà kan lẹ́yìn Agbabu ni wọ́n ti wá, apá Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún sì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá dáko níbẹ̀. Obìnrin náà ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ náà á tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ní ọmọ yìí mà sanra, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibi tó tẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà. Irun ọmọ náà ti pọ́n, ó ń já nílẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ Agbabu kì í ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó mọ́. Ọ̀dà dúdú kan ń sun láti inú ilẹ̀ wọn níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń sọ pé ìjọba máa wà jáde láìpẹ́ láti ìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn ọmọ a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kiri, ìyá wọn a sì máa fi kẹrosíìnì bó o kúrò lẹ́sẹ̀ wọn lálẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yìí mọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ní ó ti máa ń rìn, ó tiẹ̀ máa ń sáré, kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó jókòó lọ́jọ́ kan ni, kò sì dìde mọ́. Kò sọ̀rọ̀, kò sunkún. A gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, ògiri ló ń wò.

Nọ́ọ̀sì mú mi jáde. Ó ní, "Àǹtí, mo ti rí irú rẹ̀ nílé ìwòsàn tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká máa ṣọ́. Ọjọ́ tí ó bá rẹ́rìn-ín, ó ti bọ́ nìyẹn. Bí kò bá rẹ́rìn-ín…" Ìyá ọmọ náà ti sọ fún un pé àìsàn yìí náà ló pa èyí tó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń fún ọmọ rẹ̀ yó. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ikùn ló yó, ara kò yó. Ara ń wá ẹja, ó ń wá ẹ̀wà, ó ń wá ẹyin. A se ẹyin, a bó o, a fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Kó tó gbé e dénu, ìyá rẹ̀ ti gbà á. Mo ní kí ló dé? Ó ní wọn kì í fún ọmọdé lẹ́yin, wọn kì í bu ẹja fún un, kó má baà jalè. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé títí. Èmi kò ṣàlàyé, mo pariwo. Mo ní ṣé òkú ọmọ tí kì í jalè ló wù ú ni. Obìnrin náà kò bínú padà. Ó wò mí, omi lé róró lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá mi," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n ní ẹyin ni ìyá wọn fi bà wọ́n jẹ́ ní kékeré. Mo ti sin ọ̀kan. Èyí tó kù yìí, ẹ má bá mi sọ ọ́ di olè."

Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Bàbá kan wà tí ilé wọn kọjú sí ilé kòkó náà. Akọpẹ ni wọ́n láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe géńdé, ọ̀pẹ sì ti já wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí wọn kò sì dá bí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé kòkó ni wọ́n ti máa ń jẹun ọ̀sán, nítorí pé atẹ́gùn a máa fẹ́ sí ibẹ̀. Wọ́n ti ń jẹun níbẹ̀ kí àwa tó dé, wọn kò sì rí ìdí tí wọ́n fi máa kúrò nítorí àwa. Wọ́n á jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á máa wò wá bí ẹni ń wo eré. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bí mo ṣe ń pariwo, pupuru àti ọbẹ̀ ẹja ló wà níwájú wọn, ọmọ Agbabu náà sì jókòó sórí ẹní lọ́ọ̀ọ́kán wọn. Wọ́n jẹun bí àgbà ṣe ń jẹun. Wọ́n mú pupuru, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n ń yí ẹja náà po. Nígbà tó yá, wọ́n já díẹ̀ jẹ lára ẹja, wọ́n sì rọra ti abọ́ náà sọ́dọ̀ ọmọ náà.

"Ọma, gbà," ni wọ́n wí ní èdè ìlú wa. "Èmi éè lè jẹ tán."

Gbogbo wa yíjú sí ìyá ọmọ náà. Obìnrin tó já ẹyin gbà lọ́wọ́ ọmọ níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ ó jẹun pẹ́." Ó fa abọ́ náà mọ́ra, ó yọ eegun kúrò, ó sì fi ẹja sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wò mí. Tóò, ta ló máa kọ àjẹṣẹ́kù àgbà? Èyí tí a bù fún ọmọdé ló ń kọ́ ọ ní ọ̀kánjúwà. Èyí tí àgbà jẹ kù, ìre ni, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Èmi náà, nídìí abọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹja dùn sí. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, n kò rántí rẹ̀. Bàbá yìí gan-an kò sì rò ó, oúnjẹ ọ̀sán wọn ni wọ́n ń jẹ. Ó dà bíi pé wọ́n ṣílẹ̀kùn kan fún wa nínú ògiri tí a ti ń fi orí sọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá àgbà kiri Odigbo nìyẹn, pé kí wọ́n wá bá wa jẹun. Ẹ rò ó wò: àwa obìnrin, à ń ti ilé dé ilé, à ń bẹ àwọn arúgbó kí wọ́n jọ̀ọ́ wá jẹ ẹja. Àwọn kan rò pé òṣèlú ni. Nígbà tí a lọ sọ́dọ̀ bàbá akọpẹ láti dúpẹ́, tí a ní kí wọ́n máa bá wa ṣiṣẹ́ náà lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní, "Uṣẹ́ kọ́ ni ùyẹn, ọma mi."

Àwọn olóúnjẹ Ore ń fi ẹja ránṣẹ́, èyí tó wá láti etí omi Ìlàjẹ. Ẹnìkan á mú ẹ̀wà, ẹnìkan á mú ẹyin. Àgbà kọ̀ọ̀kan ní ọmọ tirẹ̀ tó jókòó tì í. A ní ìyá arúgbó kan tí wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kìíní, ẹja, ẹ̀wà, omi ọbẹ̀, wọ́n sì lá ìka. Ọmọ tiwọn jókòó, ó ń wo abọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ mà mọ̀ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Nọ́ọ̀sì já mi léèékánná nítan. Màmá náà gbé abọ́ wọn, wọ́n sì jáde. Mo rò pé mo ti lé wọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìkòkò ọbẹ̀ tiwọn láti ilé ni wọ́n gbé dé, wọ́n sì tọ́ ọ wò lásán kí wọ́n tó gbé gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà. Wọ́n ní àná ni àwọn jẹ ti òní.

A gba ìyá ọmọ Agbabu sílé olóògì, kó má baà máa rin ọ̀nà jíjìn. Ọkọ rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí kòkó bá ti pọ́n, òun á wá kó wọn, nítorí pé oko tuntun tí onílẹ̀ gbé fún un wà nínú igbó pátápátá, kò sì sí ẹni tí yóò bá òun ká kòkó. Ilé tí à ń lò náà yóò kún fún kòkó nígbà yẹn. Nítorí náà, gbogbo wa ló mọ ohun tó wà níwájú: kí ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín kí kòkó tó pọ́n.

Lójoojúmọ́, bàbá akọpẹ á jẹun wọn, wọ́n á ti abọ́, wọ́n á wí ọ̀rọ̀ kan náà, pé àwọn kò lè jẹ ẹ́ tán. Èmi éè lè jẹ tán. Ọmọ náà á jẹ. Kì í wojú wọn, abọ́ nìkan ló ń wò. Omi ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọlé, ìyá rẹ̀ sunkún pé ọmọ òun ti rù, nọ́ọ̀sì ní rárá, bí ọmọ náà ṣe rí gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí yìí. Irun dúdú yọ ní ìdí èyí tó pọ́n. Nígbà tó yá, ó di ògiri mú, ó dìde dúró. A hó. Kò tilẹ̀ wò wá. Àwọn àgbà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe láti pa á lẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó ọjọ́ yẹn yọ eyín kan ṣoṣo tó kù wọn sí i. Bàbá mìíràn fi ọ̀pá jó. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú lé ara wọn. Ọmọ tèmi, kò sí nǹkan kan. Mo ní ọmọ tèmi. Bó ṣe dà lọ́kàn mi nígbà yẹn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá akọpẹ kò jáde. Ibà ló gbé wọn dè. A ní kí ìyá arúgbó gba ipò wọn, wọ́n jẹun, wọ́n ti abọ́. Ọmọ náà pa ẹnu dé. Bàbá tó fi ọ̀pá jó jókòó, bákan náà ni. Ìyá rẹ̀ mú ẹja sí i lẹ́nu, ó yí ojú. Mo gbìyànjú tèmi, mo bẹ̀ ẹ́, mo kọrin, mo bínú, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó fi ègé aṣọ pupa kan tó ń mú kiri bojú. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó fi ògiri sílẹ̀, ó jókòó. Nọ́ọ̀sì fi àtàńpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ sì tún jìn díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè bínú mọ́, ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Kòkó ti ń pọ́n. Ọkọ obìnrin náà dé. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwa náà, kò bú wa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ ti ṣe é, ẹ̀yin ìyá wa. Ọlọ́run rí yín. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé ọmọ mi lọ." Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù. Kí ni a fẹ́ fi dá a dúró?

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, ìlẹ̀kùn ilé tó kọjú sí wa ṣí. Bàbá akọpẹ ni. Ọmọbìnrin wọn mú wọn lápá, ó gbé abọ́ wọn dání lọ́wọ́ kejì. Wọ́n ti rù, aṣọ ń yọ̀ kúrò léjìká wọn. Ọmọ wọn ní láti ìgbà tí ibà ti dá wọn dúbúlẹ̀ ni wọn kò ti jẹ nǹkan kan, pé ẹnu wọn kò gbà á, bàbá ní kí wọ́n ṣáà gbé àwọn dé ibi tí àwọn ti ń jẹun. Wọ́n jókòó sórí àpótí. Ọmọ wọn gbé abọ́ síwájú wọn, pupuru àti ẹja, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ Agbabu náà.

"Ọma, gbà," ni wọ́n wí. Wọn kò sọ ìyókù.

Mo rí i bí ara ìyá ọmọ náà ṣe le. Bàbá kò jẹ nínú rẹ̀. Àjẹṣẹ́kù kọ́ nìyí, ẹja ni, odindi, tí wọ́n fún ọmọ ní gbangba. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹrù tó dì. Kò lọ gba abọ́ náà.

Ọmọ náà fi ìdí wọ́ dé ibẹ̀. Ó wo inú abọ́, ó sì gbé ojú sókè wo bàbá, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kó wo ojú èèyàn. Ó já ẹja díẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó tún já díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti abọ́ náà padà, ó ń ti í lórí ilẹ̀ títí ó fi kan ẹsẹ̀ bàbá.

"Èmi éè lè jẹ tán."

Ohùn náà há, ó dà bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lé orí. Wọn kì í sọ èdè wa nílé wọn. Ọ̀rọ̀ bàbá ni ọmọ náà sọ, pẹ̀lú bí bàbá ṣe ń fà á nílẹ̀. Ẹnu bàbá là sílẹ̀, wọn kò lè pa á dé. Ọmọ náà wo ẹnu tó là sílẹ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ti rán aṣọ ìyàwó, mo ti rí oríṣiríṣi ayọ̀ ní ìsọ̀ mi, ṣùgbọ́n èyí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, bí ẹ̀rù ti í bani bí èèyàn bá wọ ibi tí kò yẹ kó wọ bàtà wọ̀. Mo bọ́ bàtà mi. Mo mọ̀ pé kò nídìí, mo ṣáà bọ́ ọ.

Àgbà kì í jẹ àjẹkù ọmọdé. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo abọ́ náà. Wọ́n wá na ọwọ́, wọ́n bu pupuru, wọ́n fi kan ọbẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọ́n tún bù. Wọ́n jẹ ẹja náà, wọ́n fa orí rẹ̀ mu, wọ́n gbé abọ́ sókè, wọ́n mu omi ọbẹ̀ rẹ̀ tán, wọn kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ọkọ obìnrin náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń tú okùn ẹrù náà.

Ọmọbìnrin bàbá na ọwọ́ láti gba abọ́, wọ́n mi orí fún un. Wọ́n fi ọwọ́ kan tẹ orúnkún, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé abọ́ náà fúnra wọn, wọ́n ń tiro lọ síbi ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn ilé. Ọmọ náà di ògiri mú, ó dìde. Nígbà tí ògiri tán, ó fi í sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé wọn lọ.